Ajá Tí Ń Ṣọ́ Ilé: Níbo Ni Ó Ń Sùn?

 Àwa tí a ń gbé Ajah mọ̀ pé ìkíni "ẹ kú òjò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú láti ìhà òkun, tí ẹ̀fúùfù sì bẹ̀rẹ̀ sí mi páánù orí ilé, olúkúlùkù a máa ro ti ara rẹ̀. Oníṣòwò a ro ti ẹrù tí ó kó sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ilé a ro ti ibi tí òrùlé ń jò. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ a sáré wá ibi gíga gbé e sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà nínú ọgbà tí a kì í sábà rántí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó ń ṣọ́ ẹrù, tí ó ń ṣọ́ ilé, tí ó sì ń ṣọ́ ọkọ̀ náà. Ajá ni à ń wí. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe mú kálàmù lọ́wọ́ lónìí, láti bi yín ní ìbéèrè kan: níbo ni ajá yín sùn ní òru àná?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò wí pé, "Akọ̀wé, ṣé ọ̀rọ̀ ibùsùn ajá ni ó kàn, nígbà tí owó oúnjẹ ọmọ ènìyàn kò tíì pé?" Wọn yóò sì fi kún un pé àwọn baba wa kò tẹ́ ibùsùn fún ajá rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀dọ̀ ọdẹ rí mọ̀ pé ajá ọdẹ ní ibi tirẹ̀: ẹ̀bá ààrò ni, nínú eérú tí iná rẹ̀ ti kú. Eérú gbẹ, eérú lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kòkòrò kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọdẹ tí ó ń sọ ajá rẹ̀ ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, tí ó sì ń bá a pín ẹran ìgbẹ́, kò ní jẹ́ kí ó sùn sínú àbàtà. Nítorí náà kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ibùsùn ajá; ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ni ó gbẹ, tí ọ̀rọ̀ náà kò fi le.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó tẹ́ ibùsùn. Ilẹ̀ tiwa ní Ajah kì í ṣe ilẹ̀ òkè bí ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ọ̀sà wà ní àríwá wa, òkun wà ní gúúsù wa, ọ̀nà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́ sì la àárín kọjá. Láti Badore tí ó wà létí ọ̀sà títí dé Okun-Ajah tí ó wà létí òkun, iyanrìn àti irà ni ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kòtò tí kò jìn yóò kan omi. Ọ̀pọ̀ ibi tí a kọ́ ilé sí lónìí jẹ́ irà tí a fi iyanrìn dí. Òwe wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi kì í gbàgbé ilé rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, yóò padà wá wo ibi tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ tí omi sì bo Lekki, Victoria Island àti agbègbè Ajah, a ní ajá kan tí à ń pè ní Tanímọ̀la. A ti sanwó fún káfíńtà kan láti kan ilé fún un. Ilé náà dára lójú: a fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí róbótó, àwọn àlejò a sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní ọgbọ́n ìwé kò ní ọgbọ́n ilẹ̀. A gbé ilé náà kalẹ̀ sórí iyanrìn lẹ́bàá odi, níbi tí ọgbà ti rẹlẹ̀ jùlọ, nítorí pé a kò fẹ́ kí ó dí ọkọ̀ lọ́nà; a sì fi ẹ̀wọ̀n kúkúrú so ajá mọ́ irin kan tí a rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, ọmọ wa obìnrin, tí kò ju ọmọ ọdún 7 lọ nígbà náà, wá kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Ó ní, "Bàbá, Tanímọ̀la ń sunkún." A dá a lóhùn pé ariwo òjò ni ó ń gbọ́, kí ó padà lọ sùn. Ó lọ, kò pẹ́, ó tún dé. Ó ní, "Bàbá, kò sunkún mọ́." Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó gbé wa dìde.

Nígbà tí a jáde sí ẹ̀yìnkùlé, omi ti mù wá dé itan. Ilé aláwọ̀ ewé náà ti léfòó, ó sì ti dojú dé. Ẹ̀wọ̀n ti fa ajá náà lọ́rùn, imú rẹ̀ nìkan ni ó yọ sókè omi. Nísàlẹ̀ omi ni ìkọ́ ẹ̀wọ̀n wà. A ní láti tẹ̀ ba, kí a máa fi ọwọ́ wá a nínú òkùnkùn, kí a tó rí i tú. Ajá náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó wúkọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, kò sì gbà mọ́ kí a mú òun súnmọ́ ilé náà, títí a fi fọ́ ọ dáná. Káfíńtà kò jẹ̀bi. Àwa ni a jẹ̀bi, nítorí pé ẹwà ni a wò, a kò wo omi.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi àwọn dókítà ẹranko àti àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ajá títọ́ léèrè, tí a sì ń fi ojú ara wa wò. Èyí tí a kọ́ ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, bóyá yóò ṣe ẹnìkan ní àǹfààní.

Èkínní ni gíga. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ibùsùn tàbí kí ó tó pe káfíńtà, kí ó kọ́kọ́ lọ wo ara odi ọgbà rẹ̀. Omi òjò ọdún tí ó kọjá ti fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀, ìlà pupa tàbí dúdú kan tí kò ṣòro láti rí. Kí ilẹ̀ ibùsùn ajá ga ju ìlà náà lọ, ó kéré tán, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí a tò dáadáa yóò gbé pátákó náà dúró, kí a sì so ó mọ́ òpó kí ó má baà léfòó bí tiwa. Bí ìlà omi bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí èyí kò ṣeé ṣe, kí a yé tan ara wa jẹ: àyè ajá náà kò sí nínú ọgbà mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀bá àkàsọ̀ ilé ni ó wà.

Èkejì ni pé kí ibùsùn gbẹ, kí ó má sì le jù. Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbàgbọ́ pé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti tó ajá. Ní tòótọ́, ní ọ̀sán gangan ajá a máa wá sìmẹ́ńtì tútù lọ; ìtura ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ni ó ń sùn ní tọ̀sán tòru, pàápàá àwọn ajá ńláńlá bí Boerboel tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá tàbí Alsatian ilẹ̀ Jámánì, irun ìgunpá rẹ̀ yóò re, awọ ibẹ̀ yóò yi, kókó olómi a sì máa wú níbẹ̀. Ajá tí ó ti darúgbó a máa ní àrùn oríkèé gẹ́gẹ́ bí àgbà ènìyàn. Òtútù ilẹ̀ a sì máa dá kún ìrora rẹ̀. Àkéte onígi tí a na tapólíìnì lé lórí, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, ni a rí pé ó bá ilẹ̀ wa mu jùlọ. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, omi kò dúró lórí rẹ̀, a sì lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kí ó gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Aṣọ ẹlẹ́ṣin kò bá ẹlẹ́sẹ̀ mu. Nígbà tí ajá bá nà gbalaja láti sùn, kí a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kí a sì fi íǹṣì 6 sí 12 kún un; èyí ni gígùn ibùsùn rẹ̀. Bí a bá kan ilé fún un, kí ó lè dìde dúró nínú rẹ̀ láìtẹ orí ba, kí ó lè yí padà, kí ó sì lè dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ́ ààfin fún ọmọ ajá tí a kò tíì mọ bí yóò ti tóbi tó. Kí a tọ́jú owó náà títí yóò fi dàgbà.

Ẹ̀kẹrin ni ooru àti ẹ̀fúùfù. Ara ajá tí ara rẹ̀ dá gbóná ju tiwa lọ. Nǹkan bí 38.3 sí 39.2 ni, ní ìwọ̀n Celsius. Kì í sì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ láti tu ara rẹ̀ lára. Ẹni tí ó bá fi páánù lásán bo ilé ajá, tí ó sì gbé e sí ojú oòrùn, ìkòkò ni ó gbé ajá náà kà. Kí a fi pákó tẹ́ abẹ́ páánù náà, kí a fi ihò sílẹ̀ lókè fún ooru láti jáde, kí a sì gbé ilé náà sí abẹ́ igi tàbí òjìji odi. Níti ẹnu ọ̀nà, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀fúùfù òjò ti sábà ń fẹ́ lù wá ní Èkó. Nítorí náà kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìlà-oòrùn. Òjò kò ní fi bẹ́ẹ̀ bì wọlé, oòrùn òwúrọ̀ yóò sì wọlé láti gbẹ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni kòkòrò. Eégbọn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá kì í gbé ara ajá nìkan. Bí ó bá ti yó tán, yóò já bọ́, yóò sì wọ inú sáńsán ògiri àti àlàfo pákó, níbi tí abo kan ṣoṣo ti lè yé ẹyin ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Òun ni ó ń gbé ibà ajá kiri, èyí tí ń sọ ìtọ̀ ajá di pupa tí ó sì ń mú un rù títí yóò fi kú. Nítorí náà ibùsùn tí ó ní àlàfo díẹ̀ ni ó dára, kì í ṣe èyí tí ó ní iṣẹ́ ọnà púpọ̀. Ẹ̀fọn náà a máa gbé aràn inú ọkàn láti ara ajá kan dé ara òmíràn. Kí a má ṣe fi ibùsùn sí ẹ̀bá gọ́tà. Iyanrìn wa pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Jìgá tí ń wọ ẹsẹ̀ ajá àti ẹsẹ̀ ọmọ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà. Ọkọ̀ ojú omi kan tí ó ti Brazil wá ni ó gbé e dé Ambriz ní ilẹ̀ Angola ní ọdún 1872, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká. Aràn ìfun ajá kan sì wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú iyanrìn tútù, tí ó sì ń gba awọ ẹsẹ̀ ènìyàn wọlé. Ajá tí a bá gbé kúrò lórí iyanrìn, àwọn ọmọ wa ni a ń tọ́jú pẹ̀lú rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ ṣàìkìlọ̀ níhìn-ín. Àwọn kan a máa da oògùn apakòkòrò inú ìgò sí ibùsùn ajá, tàbí sí ara ajá fúnra rẹ̀, nítorí eégbọn. Oògùn dichlorvos kò yàtọ̀ sí májèlé. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò kéékèèké rẹ̀, nítorí pé ó ń pa ènìyàn. Ajá tí ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ kò lè mú un jẹ. Bákan náà ni epo dúdú inú ẹ́ńjìnnì tí àwọn káfíńtà ń fi kun pákó nítorí ikán: kí a má ṣe fi kun ibi tí ajá yóò lá. Omi gbígbóná, ọṣẹ, oòrùn, àti oògùn tí dókítà ẹranko bá fúnra rẹ̀ yàn, ìwọ̀nyí tó.

Ẹ̀kẹfà ni ohun tí a fi kún ibùsùn. Fóòmù dára fún ajá àgbà tí kì í jẹ nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ ajá yóò ya á, yóò sì gbé e mì, fóòmù náà a sì dí ìfun rẹ̀. Àpò ìrẹsì onírọ́bà náà kò dára, nítorí okùn rẹ̀ a máa tú. Aṣọ àtijọ́ tí a fọ̀ tí a sì rán pọ̀, tàbí àpò kòkó tí a ti sè nínú omi gbígbóná, sàn ju wọ́n lọ. Kí a ní méjì, kí a lè máa fọ ọ̀kan nígbà tí èkejì wà nílẹ̀. Bí abo ajá bá fẹ́ bímọ, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú ibùsùn rẹ̀ ká, ní gíga díẹ̀ sí ilẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí ibi sá sí bí ìyá bá fẹ́ dùbúlẹ̀ lé wọn. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọmọ ajá kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Òtútù òru kan ti tó láti pa gbogbo wọn.

Ẹ̀keje ni èéfín àti ẹ̀wọ̀n. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ní Ajah, ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ni a ń gbé ajá sí, bí ẹni pé ẹrù kan náà ni wọ́n. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí a kò lè fi ojú rí, tí kò sì ní òórùn, tí ń pa ènìyàn àti ẹranko lójú oorun. Kí ibùsùn jìnnà sí i. Níti ẹ̀wọ̀n, àwa tí a rí tiwa bẹ̀ yín: bí òjò bá ti ń ṣú, ẹ tú ajá sílẹ̀. Ajá tí a kò dè yóò wá ibi gíga fúnra rẹ̀. Ibùsùn tí ajá kò lè bọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni ibùsùn tí ó burú jùlọ, ìbáà jẹ́ wúrà ni a fi ṣe é.

Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ní abala 495, ka fífi ìyà jẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6 nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá ni a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ajá tí ó rí ibi gbígbẹ sùn kì í rìn kiri òru láti wá ibòòji lábẹ́ tábìlì ọjà. Kì í sábà bá ajá ìgboro jà, ewu pé yóò kó àrùn dìgbòlugi wálé a sì dín kù. Ajá tí ó sùn dáadáa ni ó ń jí dáadáa, òun ni olè ń bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ní ọgbà kan tí a kò ní dárúkọ, a rí ibùsùn ajá tí a rà láti òkè òkun, tí ó nípọn tí ó sì rọ̀ bí òwú. Níwájú rẹ̀ gan-an ni máígádì tẹ́ páálí sí lórí sìmẹ́ńtì, tí ó ń sùn lé. Òjò tí ó bì wọlé bì lu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ajá ni a sáré gbé wọlé. Ẹ̀yin ará, a kò sọ pé kí a gba ibùsùn lọ́wọ́ ajá. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá ti kọ́ láti wo ibi tí ajá ń sùn kò ní àwáwí mọ́ níti ibi tí ọmọ ènìyàn ń sùn ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pe káfíńtà, ẹ jẹ́ kí ó wọn ibùsùn méjì.

Níti Tanímọ̀la, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó padà ń sùn, lórí àkéte tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó ilé aláwọ̀ ewé nì. Ọmọ wa náà ti di omidan. Síbẹ̀, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ lóru, a máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wo ibẹ̀. A kì í sọ fún un mọ́ pé kí ó padà lọ sùn.

Òjò ṣì ń bọ̀. Ẹ lọ wo àmì omi lára odi yín.